Tí Sudoku bá le, ẹ má méfò o: ọgbọ́n mẹ́jọ tẹ́ ẹ lè fi tú u

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka abala yìí lẹ ti rí Sudoku rí, bẹ́ ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Òun ni àwòrán onígun mẹ́rin tí wọ́n pín sí kéékèèké, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sínú àwọn kan, tí wọ́n sì fi àwọn tó kù sílẹ̀ lófìfo. Ó máa ń wà lẹ́yìn ìwé ìròyìn, ó wà nínú àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun máa ń fi ránṣẹ́ sí bàbá àti ìyá wọn, ó sì wà lórí fóònù àwọn ọmọ wa.

Ohun tó jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ẹ̀ wá sí abala ìlera lọ́sẹ̀ yìí ni pé eré yìí ti ń dẹ́rù ba àwọn àgbà kan. Níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì wá wọn ìfúnpá. Bí mo ṣe ń tú ẹ̀rọ náà kúrò lápá wọn, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ọpọlọ mi ti ń lọ." Mo béèrè ohun tí wọ́n rí. Wọ́n ní Sudoku tó rọrùn kì í gba àwọn ju ogún ìṣẹ́jú lọ, àmọ́ èyí tó le ti mú àwọn lọ́jọ́ mẹ́rin gbáko, àwọn ò rí i parí. Wọ́n ní bí ti ẹ̀gbọ́n àwọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn kó tó di pé kò dá ọmọ ẹ̀ mọ̀ mọ́.

Mo ní kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí. Kò pẹ́ tí mo fi rí ibi tọ́rọ̀ wà. Níbi tó bá ti le, wọ́n á mú nọ́ńbà kan tó bá ṣáà ti wù wọ́n, wọ́n á fi báírò kọ ọ́ síbẹ̀, wọ́n á ní bóyá òun ni. Ọpọlọ wọn ò ní nǹkan kan. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń tú èyí tó le ni ẹnikẹ́ni ò tíì fi hàn wọ́n. Ọgbọ́n yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí lónìí, nítorí mo mọ̀ pé bàbá yẹn nìkan kọ́ ni irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ń bà.

Òfin ẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún nǹkan lórúkọ, kọ́rọ̀ wa lè yé ara wa. Gbogbo àwòrán náà pátá, ká pè é ní ọpọ́n, bí ọpọ́n ayò. Onígun mẹ́rin kéékèèké tó wà nínú ẹ̀ jẹ́ 81, ká pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú. Ojú mẹ́sàn-án tó tò láti ọwọ́ òsì lọ sọ́wọ́ ọ̀tún ni ìlà ìbú, mẹ́sàn-án tó tò látòkè wá sílẹ̀ ni ìlà òòró. Wọ́n tún fi ìlà tó ki pín ọpọ́n náà sí ọ̀nà mẹ́sàn-án, ojú mẹ́sàn-án ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká pe ìyẹn ní yàrá.

Òfin ẹ̀ nìyí: nọ́ńbà 1 títí dé 9 gbọ́dọ̀ wà nínú ìlà ìbú kọ̀ọ̀kan, nínú ìlà òòró kọ̀ọ̀kan àti nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, èyíkéyìí nínú wọn ò sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó tán. A ò ní ro nǹkan pọ̀, a ò ní yọ nǹkan kúrò. Bí wọ́n bá fi orúkọ ọmọ mẹ́sàn-án rọ́pò àwọn nọ́ńbà yẹn, eré kan náà ni. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìṣirò ò wọ̀ yín lórí nígbà tẹ́ ẹ wà nílé ìwé, ẹ má sá.

Ibi tó ti wá

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọn ará Japan ló dá Sudoku sílẹ̀, nítorí orúkọ rẹ̀. Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀. Howard Garns, ayàwòrán ilé kan tó ti fẹ̀yìn tì nílùú Indianapolis, ni wọ́n gbà pé ó ṣe é. Ilé iṣẹ́ Dell ló gbé e jáde nínú ìwé eré wọn lọ́dún 1979, Number Place sì ni wọ́n pè é nígbà náà. Lọ́dún 1984, ilé iṣẹ́ Nikoli gbé e dé Japan. Maki Kaji, tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, ló sọ ọ́ lórúkọ tá a mọ̀ ọ́n sí, ìtumọ̀ ẹ̀ sì ni pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá wà. Ọdún 2021 ni Kaji kú.

Ẹni tó gbé e kárí ayé ni Wayne Gould, ọmọ New Zealand tó ṣe adájọ́ ní Hong Kong. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó rí ìwé Sudoku kan nílé ìtàwé ní Tokyo lọ́dún 1997. Ó fi bí ọdún mẹ́fà ṣe ètò tí kọ̀ǹpútà yóò fi máa pèsè ẹ̀, ó sì gbé e lọ fún ìwé ìròyìn The Times ti London, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2004. Kò pé ọdún méjì tí wọ́n fi ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ nílùú Lucca, lórílẹ̀-èdè Ítálì, lọ́dún 2006. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ṣe é àti ẹni tó gbé e káyé, àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Kẹ́nikẹ́ni má sọ fún yín pé eré ọmọdé ni.

Kẹ́ ẹ tó jókòó tì í

Ẹ wá pẹ́ńsùlù àti rọ́bà tí wọ́n fi ń pa á rẹ́, ẹ fi báírò sílẹ̀. Bójú yín bá ń ṣe bàìbàì, ẹ wọ awò ojú yín, ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ sì ní kí ọmọ bá yín ṣe ẹ̀dà ọpọ́n náà kó jẹ́ èyí tó tóbi. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí àgbà ń rò pé òun ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́, 6 ló ń kà sí 8.

Ọgbọ́n kìíní: Ẹ wá ibi tí nọ́ńbà kan ò lè lọ

Ẹ mú nọ́ńbà kan, ká ní 7. Ẹ wo yàrá mẹ́ta tó wà lókè pátápátá. Ká ní 7 ti wà nínú ìlà ìbú kìíní ní yàrá ọwọ́ òsì, ó sì ti wà nínú ìlà ìbú kejì ní yàrá àárín. Yàrá ọwọ́ ọ̀tún ò tíì ní 7. Kò lè wà nínú ìlà kìíní tàbí ìkejì mọ́, ìlà kẹta ló kù. Ojú mẹ́ta ni yàrá náà ní nínú ìlà kẹta: ojú keje, ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án. Ká ní 4 ti jókòó sójú keje. Ẹ wá wo ìlà òòró kẹsàn-án látòkè délẹ̀, ẹ rí 7 nísàlẹ̀ ẹ̀. Ojú kẹjọ nìkan ló ṣẹ́ kù. Ẹ kọ 7 síbẹ̀ láìbẹ̀rù.

Ọgbọ́n kejì: Ẹ wá ojú tí nọ́ńbà kan ṣoṣo kù fún

Níbí, ojú kan lẹ máa mú. Ká ní ìlà ìbú tó wà ti ní 2, 5 àti 9. Ìlà òòró ẹ̀ ti ní 1 àti 7. Yàrá ẹ̀ ti ní 3, 4 àti 8. Ẹ kà á: 1, 2, 3, 4, 5, 7, 8, 9 ti bọ́ sílẹ̀. 6 nìkan ló lè wọ ibẹ̀.

Ọgbọ́n méjì yìí tó fún Sudoku tó rọrùn. Èyí tó le ni pé, tẹ́ ẹ bá ti lo méjèèjì tán, ọpọ́n á kàn dákẹ́, kò ní sọ nǹkan kan mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń méfò. Ẹ má méfò, ẹ bọ́ sórí èyí tó kàn.

Ọgbọ́n kẹta: Ẹ kọ orúkọ àwọn olùdíje

Nínú gbogbo ojú tó ṣófo, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ gbogbo nọ́ńbà tó ṣì lè wọ ibẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ ní kékeré. Àwọn ni mo pè ní olùdíje. Ńṣe ló dà bí ìdíje alága káńsù: wọ́n lè tó mẹ́rin, ẹnì kan ló máa wọlé. Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà tó jẹ́ ti ojú kan gan-an, ẹ pa á rẹ́ kúrò lára àwọn olùdíje inú ìlà ìbú, ìlà òòró àti yàrá tí ojú náà wà. Ẹni tó bá gbàgbé láti pa á rẹ́ ló máa ń rò pé ọpọ́n ń tan òun jẹ.

Iṣẹ́ yìí lè gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má jẹ́ kó sú yín, nítorí gbogbo ọgbọ́n tó kù, orí ẹ̀ ló dúró lé.

Ọgbọ́n kẹrin: Nọ́ńbà tó ti tò sójú ìlà kan

Ẹ wo yàrá àárín lọ́wọ́ òsì, ìyẹn èyí tó ní ìlà ìbú kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Ká ní nínú yàrá yẹn, ojú méjì péré ni 5 ti ń díje, ojú kìíní àti ìkẹta nínú ìlà kẹrin. A ò mọ èyí tó máa gbà á nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun kan dá wa lójú: 5 yàrá yẹn, inú ìlà kẹrin ló máa wà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìlà kẹrin ti ní 5 tiẹ̀, kò lè ní òmíràn. Ẹ pa 5 rẹ́ ní gbogbo ojú yòókù nínú ìlà náà. Bí ojú kẹjọ níbẹ̀ bá ní 2 àti 5 tẹ́lẹ̀, ó ti di 2 nìyẹn. Ẹ rí i pé a mọ ibi tí 2 wà kó tó di pé a mọ ibi tí 5 wà.

Ẹ tún lè yí i padà. Bí 5 ò bá níbi tó lè wà nínú ìlà kan àfi inú yàrá kan ṣoṣo, ẹ pa 5 rẹ́ nínú àwọn ojú yòókù yàrá yẹn.

Ọgbọ́n karùn-ún: Ìbejì

Ká ní ojú mẹ́rin ló ṣófo nínú ìlà ìbú kẹfà, nọ́ńbà tó kù fún un sì ni 1, 3, 6 àti 8. Àwọn olùdíje wọn rèé: ojú kejì ní 3 àti 8, ojú karùn-ún ní 3 àti 8, ojú keje ní 1, 3 àti 8, ojú kẹsàn-án ní 1, 6 àti 8.

Ẹ wo ojú kejì àti ìkarùn-ún. Ìbejì ni wọ́n. Bí Táyé bá mú 3, Kẹ́hìndé á mú 8. Bí Táyé bá mú 8, Kẹ́hìndé á mú 3. Èyí tó wù kó jẹ́, àwọn méjèèjì ti pín in láàárín ara wọn, kò kan ẹnì kẹta. Ẹ pa 3 àti 8 rẹ́ lójú keje, 1 nìkan ló kù níbẹ̀. Ojú kẹsàn-án ò lè gba 8, kò sì lè gba 1 mọ́, ó di 6. Ojú méjì ti yanjú, bẹ́ẹ̀ a ò tíì mọ èwo ni Táyé, èwo ni Kẹ́hìndé.

Ìbẹta náà wà. Tí ojú mẹ́ta nínú yàrá kan bá ní 1 àti 4, 4 àti 9, 1 àti 9, àwọn mẹ́ta yẹn ló ni 1, 4 àti 9. Ẹ pa wọ́n rẹ́ lójú yòókù nínú yàrá náà.

Ọgbọ́n kẹfà: Ìbejì tó sá pamọ́ sáàárín èrò

Èyí ló máa ń fara pamọ́ jù. Ká ní nínú yàrá kan, 2 àti 9 ò sí lára olùdíje ojú kankan àfi ojú méjì. Àmọ́ àwọn méjì yìí ní àlejò: ọ̀kan ní 2, 4, 7 àti 9, èkejì ní 2, 6 àti 9. Ẹ rò ó wò. 2 gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá yẹn, 9 náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ojú méjì yìí nìkan ni wọ́n sì ní. Àwọn ló ni ín nìyẹn, kò sáyè fún àlejò. Ẹ pa 4 àti 7 rẹ́ lójú àkọ́kọ́, ẹ pa 6 rẹ́ lójú kejì. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ojú kan ṣoṣo míì ni 6 ti ń díje nínú yàrá náà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.

Ọgbọ́n keje: Igun mẹ́rin

X-Wing ni àwọn tó mọ Sudoku ń pe èyí. Ká ní nínú ìlà ìbú kejì, ojú kẹta àti ojú keje nìkan ni 4 ti lè wà. Nínú ìlà ìbú kẹjọ, ojú kẹta àti ojú keje náà ni. Ẹ fi ìka tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí 4 ìlà kejì bá wà lójú kẹta, ti ìlà kẹjọ ò lè sí lójú kẹta mọ́, ojú keje ló máa wà. Bí ti ìlà kejì bá wà lójú keje, ti ìlà kẹjọ á bọ́ sójú kẹta. Ọ̀nà méjèèjì ló ti jẹ́ pé 4 ìlà òòró kẹta àti 4 ìlà òòró keje wà ní igun wọ̀nyí. Nítorí náà, ẹ pa 4 rẹ́ ní gbogbo ojú yòókù nínú ìlà òòró méjèèjì. Bí ojú kẹta nínú ìlà ìbú karùn-ún bá ní 4 àti 6, ẹ kọ 6 síbẹ̀.

Ọgbọ́n kẹjọ: Ẹni àárín àti apá rẹ̀ méjì

Ká ní ojú kìíní nínú ìlà ìbú kìíní ní 1 àti 2. Òun ni ẹni àárín. Nínú ìlà ìbú yẹn kan náà, ojú kẹjọ ní 1 àti 3. Nínú ìlà òòró kìíní, ojú karùn-ún ní 2 àti 3. Ẹ wá bi ara yín: bí ẹni àárín bá jẹ́ 1, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ojú kẹjọ ò lè jẹ́ 1 mọ́, ó di 3. Bó bá jẹ́ 2 ńkọ́? Ojú karùn-ún tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ò lè jẹ́ 2, òun ló máa di 3. Èyí tó wù kó jẹ́, ọ̀kan nínú apá méjèèjì á jẹ́ 3. Nítorí náà, ojú tó wà ní ìkòríta àwọn méjèèjì, ìyẹn ojú kẹjọ nínú ìlà ìbú karùn-ún, ò lè jẹ́ 3 láéláé. Ẹ pa á rẹ́ níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ẹyọ kan pa rẹ́ báyìí, ẹ padà sí ọgbọ́n kìíní. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọpọ́n tó ti dákẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nítorí olùdíje kan péré tó kúrò.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má méfò

Sudoku tí wọ́n ṣe dáadáa, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní. Lọ́dún 2012, Gary McGuire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College Dublin, nílẹ̀ Ireland, fi kọ̀ǹpútà fi hàn pé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sílẹ̀ ṣáájú ò lè dín sí 17. Bó bá jẹ́ 16 péré, kò sí bó ṣe lè ní ìdáhùn kan ṣoṣo.

Tẹ́ ẹ bá méfò, tó sì já sí irọ́, kò ní hàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ lè kọ ogún nọ́ńbà míì lé e lórí kẹ́ ẹ tó rí i pé 4 méjì ti wà nínú ìlà kan. Nígbà yẹn, ẹ ò ní mọ ibi tó ti wọ́ mọ́, gbogbo ẹ̀ lẹ máa pa rẹ́. Nítorí náà, nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá kọ, ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí ẹ̀ jáde lẹ́nu: "Ó wà níbí nítorí pé kò níbòmíì tó lè lọ."

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, àṣà yìí wúlò kọjá orí ọpọ́n. Bí àwọn kan ṣe ń méfò lórí Sudoku ni wọ́n ṣe ń méfò lórí ara ọmọ. Ara ọmọ gbóná, wọ́n sáré ra oògùn ibà; kò lọ, wọ́n tún fi òmíràn lé e. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ibà. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lórí ìka ló gbà, kò sì ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Nǹkan míì tó ń mú ara ọmọ gbóná pọ̀, oògùn ibà ò sì lè wò ó.

Ṣé Sudoku ń dènà àrùn ìgbàgbé?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù, torí àwọn kan ń fi ìlérí yìí ta ìwé àti ẹ̀rọ fáwọn àgbà. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Nílùú Aberdeen, nílẹ̀ Scotland, àwọn oníwádìí tẹ̀lé nǹkan bí 500 èèyàn tí wọ́n bí lọ́dún 1936. Èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018 ni pé àwọn tó ti fẹ́ràn irú eré báyìí láti ọjọ́ pípẹ́ ní làákàyè tó ga ju ti àwọn yòókù lọ, àmọ́ nígbà tí ọjọ́ ogbó dé, bó ṣe ń dín kù lára àwọn ẹgbẹ́ wọn náà ló ń dín kù lára tiwọn. Ẹ lè fi wé ẹni tó ní owó púpọ̀ nípamọ́: òun náà ń ná an, àmọ́ ó máa pẹ́ kó tó tán.

Àwa Yorùbá náà ní ẹ̀rí tiwa. Ní Ìdíkàn, nílùú Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì wà lára wọn, tẹ̀lé àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 sókè. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé Indianapolis, ìlú Howard Garns yẹn gan-an. Èsì wọn jáde lọ́dún 2001: nínú 10,000 àgbà, nǹkan bí 135 ni àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dún kan n'Íbàdàn, nígbà tó jẹ́ 324 ní Indianapolis. Ẹ rántí pé nígbà yẹn, Sudoku ò tíì dé inú ìwé ìròyìn London pàápàá. Kì í ṣe òun ló ṣọ́ iyè àwọn àgbà Ìdíkàn.

Kí ló wá ń ṣọ́ iyè? Lọ́dún 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìṣègùn The Lancet yàn ka nǹkan 14 tó ń fa àrùn ìgbàgbé tí agbára èèyàn ká. Lára wọn ni ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, etí tí kò gbọ́ràn dáadáa, ojú tí wọn ò tọ́jú, sìgá, ọtí àmujù, àìmira, ìbànújẹ́ ọkàn àti kéèyàn máa dá gbé láìrẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣírò ẹ̀ pé tí gbogbo ẹ̀ bá ṣeé mú kúrò, nǹkan bí 45 nínú 100 àrùn náà lè má wáyé tàbí kó pẹ́ kó tó dé.

Nítorí náà, ẹ ta Sudoku yín, àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Tẹ́ ẹ bá ti jókòó tó wákàtí kan, ẹ dìde, ẹ rìn yí ká ilé, ẹ mu omi. Ẹ má sì jẹ́ kó gba oorun òru lọ́wọ́ yín. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ má dá a ta. Ẹ pe ọ̀rẹ́ tàbí ọmọ ọmọ jókòó, kẹ́ ẹ jọ máa jiyàn bí wọ́n ṣe ń jiyàn nídìí ayò. Iyàn yẹn náà wà lára oògùn.

Àmì tó yẹ kẹ́ ẹ fiyè sí

Kéèyàn má lè parí Sudoku tó le kì í ṣe àrùn. Kéèyàn gbàgbé ibi tó fi awò ojú sí, kó tún padà rántí, kì í ṣe àrùn. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ lọ rí dókítà ni kí àgbà máa ṣìnà lójú ọ̀nà tó ti ń rìn láti ọdún gbọọrọ, kó máa béèrè ohun kan náà léraléra láàárín wákàtí kan, kó máa gbàgbé ìkòkò lórí iná lemọ́lemọ́, kó má lè ka owó tó ń kà tẹ́lẹ̀, tàbí kí ìwà ẹ̀ yí padà lójijì. Nígbà míì, oògùn tó ń lò, àìsàn tó wà lára tàbí ìbànújẹ́ ló fà á, wọ́n sì lè rí i tọ́jú.

Mo bẹ ẹ̀yin ọmọ, bí ìyá yín bá ń sọ̀rọ̀ tí kò yé yín, tí wọ́n ń jáde lóru láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé wọ́n ti di àjẹ́. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ yìí lé ọ̀pọ̀ ìyá kúrò nílé tí wọ́n kọ́ ọmọ wọn dàgbà sí. Àìsàn ni. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ kékeré

Ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọpọ́n kékeré tó ní ojú 16. Nọ́ńbà 1 dé 4 lẹ máa lò, ojú mẹ́rin mẹ́rin ló wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya èyí sórí ìwé fún wọn, ibi tí mo fi ìlà kékeré sí ló ṣófo:

1 – – 4
– – 1 –
– 1 – –
4 – 2 1

Ẹ má sọ ìdáhùn fún ọmọ. Ẹ kàn béèrè pé, "Kí ló dé tó o fi kọ ọ́ síbẹ̀?" Bó bá ní òun kàn fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ní kó pa á rẹ́. Bó bá sọ ìdí ẹ̀, tó sì tọ̀nà, ẹ yìn ín. Ọmọ tó bá mọ́ lára láti máa sọ ìdí ohun tó ń ṣe, kò ní ṣòro fún un nínú iṣẹ́ ilé ìwé àti nínú ayé.

Ibi tí mo ní kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni ìlà ìbú kẹrin, torí ojú kan ṣoṣo ló ṣófo níbẹ̀. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó wo ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ sì máa tọ́jú ara yín o.

Ìdáhùn:

1 2 3 4
3 4 1 2
2 1 4 3
4 3 2 1